Ọgbẹ́ Tí Gbogbo Ìpele Fẹ́ Fojú Rí

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ṣakí, ẹ kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá yọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, "Nọ́ọ̀sì, báwo ni Ọ̀wọ̀ ti rí?" Bí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, "Morẹ́nikẹ́, ṣé lóòótọ́ ni pé iyán ni wọ́n fi ń ṣínu láàárọ̀?" Àbúrò màmá mi tilẹ̀ bi mí bóyá Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo ti dáhùn títí ẹnu ń ro mí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tún bi mí lẹ́yìn èyí, ìwé ni n ó nà sí i.

N kò ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí mo wọ̀ àti gbogbo ibi tó ti dúró. Ọ̀nà jìn, eruku pọ̀, ìdí ro mí, ó tán. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ọwọ́ mi fà, nítorí pé àṣìṣe ńlá kan wà nínú ìrìn-àjò yìí, èmi gan-an ni mo sì ṣe é. Mo lè fi rẹ́rìn-ín báyìí. Nígbà náà, ẹkún ni mo sun.

Orúnkún Ọ̀wọ̀

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni mo lọ. Ìwòsàn ti di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn tó ti ń fi àìsàn pamọ́ sábẹ́ aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́ sì ti jáde wá. Ilé ìwòsàn tí wọ́n rán mi lọ ní Ọ̀wọ̀, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, kún débi pé àwọn tó ń dúró de dókítà máa ń jókòó dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì.

Mátírọ́ọ̀nù ló gbà mí lálejò. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, tí awò ojú rẹ̀ kì í dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Orí imú ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà. "Ghá, ghá jókòó," ló wí, ó ń fọwọ́ pè mí. Níbi tí àwa ti ń sọ pé wá, ghá ni tiwọn. Ìlú Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, Ọ̀ghọ̀ ló ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá rí i pé ojú mi ń yí kiri bíi ti ẹni tó ṣìnà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ náà sí èyí tí mo gbọ́. Wọn kì í fi ṣẹ̀sín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń gbá wọ́ọ̀dù wọlé bá mi. "Ṣé o ti jẹun?" ló bi mí. Ṣé *o*! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá ju ọmọ náà lọ! Inú bí mi. Kí n tó la ẹnu, ó ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ oúnjẹ sókè, kò sì dìde títí mo fi gbà á. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọn kì í wá ọ̀wọ̀ nínú "ẹ" bíi tiwa, àfi bí wọ́n bá ń fi ẹnu tiwa bá àlejò sọ̀rọ̀. Orúnkún ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa.

Iyán ló wà nínú abọ́ náà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni o! Iyán funfun tí kò ní kókó kan, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran ìgbẹ́ yíyan jókòó sí láàárín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀kọ àti àkàrà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì Ṣakí, ṣé inú ló ń run ẹ́ ni?"

Mo jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé, èmi ni mo lọ béèrè.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò ṣòro láti ṣàlàyé. Dókítà á ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn, wọ́n á rán ojú ọgbẹ́ náà, á mọ́ tónítóní. Aláìsàn á lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àwọn kan á padà wá, ojú ọgbẹ́ á ti là, ọyún á máa jáde. Àwọn mìíràn kò ní padà wá rárá, ara wọn ti yá. Kí ló mú ìyàtọ̀ wá? Òun ni wọ́n ní kí n wádìí.

"Gbogbo èèyàn ni yóò sọ fún ọ pé ewé ni," Mátírọ́ọ̀nù wí. "Wọ́n á ní àwọn ìyá ọkọ ló ń gún ewé sí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Lọ fojú ara rẹ wò ó kí o tó kọ ọ́."

Ohun èlò mi kò ju ìwé ńlá kan àti fíìmù lọ. Fíìmù tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ni, àwọn tó ti bàjẹ́. Mo fi omi gbígbóná àti sódà fọ àwòrán ara rẹ̀ kúrò títí ó fi dàbí gíláàsì, mo gé e wẹ́wẹ́, mo sì ń fi sípíríìtì nù ún. Bí mo bá gbé ọ̀kan lé ojú ọgbẹ́, mo máa ń fi bírò tọ etí ọgbẹ́ náà yípo. Bí ọgbẹ́ bá ń jiná, ìlà náà á máa kéré sí i láti orí fíìmù kan sí èkejì. Bí kò bá jiná, fíìmù kò mọ irọ́ pa.

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé

Bọ́sẹ̀dé ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Ìpele, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i. Abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó lọ sílé, ojú ọgbẹ́ là. Wọ́n dá a padà wá, wọ́n tún un rán. Ní báyìí, ara rẹ̀ tún ti fẹ́ yá, àwọn mìíràn sì ń dúró de bẹ́ẹ̀dì, dókítà ní kó máa lọ sílé.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ mi," dókítà wí fún un níṣojú mi. "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní Ọjọ́bọ̀, ìwọ yóò padà wá kí n wò ó. Bí kò bá tíì pa ẹnu dé, a ó gbé ọ padà sórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn, n kò sì fẹ́ ẹ rárá."

Nígbà tó lọ tán, Bọ́sẹ̀dé fi ojú wá mi.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ti pé oṣù méjì. Ìyá ọkọ mi ti pọn ọ́n, àbúrò mi ti pọn ọ́n, ìyá tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa náà ti pọn ọ́n. Èmi tí mo bí i, mi ò tíì pọn ọ́n rí. Ojú ọgbẹ́ gan-an ni ìró ń gbà tí mo bá so ó. Ọmọ náà ò mọ ẹ̀yìn mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ìwọ ni n ó máa tẹ̀lé. Ojoojúmọ́ ni n ó máa wá wò ọ́ ní Ìpele, títí ìwọ náà yóò fi pọn ọmọ rẹ." Inú mi dùn sí ìlérí yìí gan-an. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé mi.

Àlejò ní Ìpele

Bí mo ṣe dé Ìpele lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n nínú ilé náà. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Pálọ̀ kún fún àwọn obìnrin láti orí àga dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀fọ̀. Wọ́n wá kí Bọ́sẹ̀dé kú ewu ni, ìkíni tiwọn kì í sì í ṣe ti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á bi í léèrè ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń darí wọn. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ fún ọlọ́pàá. Ó ní kí wọ́n dìde fún nọ́ọ̀sì, wọ́n dìde. Ó ní kí wọ́n gbé iyán wá, iyán dé. Mo jẹun tán, mo ní kí Bọ́sẹ̀dé jẹ́ ká wọ yàrá kí n lè wo ọgbẹ́ rẹ̀. Ni gbogbo pálọ̀ bá dìde tẹ̀lé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ní kí wọ́n dúró síta. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí, oúnjẹ wọn ṣì wà nínú mi, ojú tì mí láti lé wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ wò mí. Mo ní kò burú, kí wọ́n máa bọ̀. Mo ṣe bí olùkọ́ níwájú wọn. Mo fi hàn wọ́n bí a ṣe ń ká pílásítà láti igun òsì, díẹ̀díẹ̀, kí ó má bàa dun aláìsàn. Mo gbé fíìmù lé e, mo tọ etí rẹ̀, mo gbé e sókè síhà fèrèsé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bí mo ṣe ń lọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo ní àwọn mìíràn ní ìgboro Ọ̀wọ̀ tí mò ń bẹ̀ wò bákan náà, ṣùgbọ́n Ìpele ni mo fẹ́ràn jù. Lónìí iyán, lọ́la iṣu àsun pẹ̀lú epo, lọ́tùnla ìkòkò àsáró. Wọ́n ti mọ aago tí mo ń dé. Àwọn tó ń bá mi wọ yàrá ń pọ̀ sí i, mo sì ń sanra.

Fíìmù kejì kéré sí àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta tún kéré. Ẹ̀kẹrin kò yàtọ̀. Nígbà tí mo gbé ìkarùn-ún lé orí ìkẹrin, mo tún un gbé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà náà ti fẹ̀. Ìkẹfà tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi kan sì ti ń tutù létí ọgbẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ewé sọ sí mi lọ́kàn. Iyán wà níwájú mi nígbà tí mo yíjú sí Ìyá Àgbà lójú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ewé wo lẹ fi ń sí i?"

Ìyá Àgbà gbójú sókè wò mí.

"Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti dé, ọwọ́ mi ò kan ikùn rẹ̀. Omi gbígbóná ni mò ń gbé fún un. Àmọ́ ìwọ lo kàwé."

Ó dìde, ó gbé abọ́ iyán kúrò níwájú mi, ó gbé e wọ ilé ìdáná lọ. N kò tíì jẹ ẹ́ dé àárín.

Abà kan lẹ́yìn Ìmọ̀rù

Orúkọ kan wà nínú ìwé mi tó ti ń dà mí láàmú. Kọ́ńfọ́ọ̀tì ni, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní ìhà Ìmọ̀rù. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n tún ọgbẹ́ Bọ́sẹ̀dé rán ni wọ́n fi abẹ gbé ọmọ tirẹ̀ jáde. Òjò ti ba ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́, n kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, ojú ewé rẹ̀ funfun báláú. Mo ní bí ti Bọ́sẹ̀dé tí mò ń wò lójoojúmọ́ bá lè rí báyìí, mélòómélòó ni ti ẹni tí nọ́ọ̀sì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, mo di òwú àti báńdéèjì kún báàgì, mo gbéra. Ọkàn mi kò balẹ̀.

Wọ́n ní kò sí nílé, ó wà lábà. Mo rìn títí ẹsẹ̀ mi fi di ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni ẹ̀yìn obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ sídìí iná, ó ń yí iṣu padà. Ọmọ jòjòló ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀já sì dì í mọ́ra pinpin.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá."

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ojú ọgbẹ́ náà. Kò ju ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà lọ. Mo jókòó sórí ebè.

"Kí lo fi sí i?"

"Mi ò fi nǹkan kan sí i. Pílásítà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sìbítù ló wà níbẹ̀ títí wọ́n fi yọ okùn ẹ̀ ní Ìfọ́n."

"Ewé ńkọ́?"

"Ewé kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní ká má fọwọ́ kàn án, a ò fọwọ́ kàn án."

"Ta ló wá ń ṣí i wò?"

Ó yíjú wo oko yíká, ó tún wò mí.

"Ta ni ì bá ṣí i, nọ́ọ̀sì? Ṣé iṣu ni? Èmi àti ọkọ mi nìkan la wà níbí. Ẹ̀yin náà ò kúkú wá."

Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní iṣu sísun, mo jẹ ẹ́. Ìgbà tí mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi. Ẹ̀yin náà ò kúkú wá.

Mo yà sí ilé olóúnjẹ kan ní Ìfọ́n. Ẹran òyà ibẹ̀ lókìkí, mo ti ń dá oúnjẹ náà sọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti dé Ọ̀wọ̀. Wọ́n gbé e wá, mo ṣí ìwé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wo ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo kọ nǹkan kún jù lọ, ti Bọ́sẹ̀dé, òun ni ọgbẹ́ rẹ̀ burú jù lọ. Àwọn tí mò ń bẹ̀ wò ní ìgboro Ọ̀wọ̀ tẹ̀lé e. Àwọn tí ojú ewé wọn funfun, tí mo ti ń káàánú wọn, àwọn ni wọn kò padà sí ilé ìwòsàn mọ́, nítorí pé ara wọn ti yá. Mo kà á títí. Èmi tí wọ́n ní kí n wá ohun tó ń ba ọgbẹ́ jẹ́, mo ti gbé e rìn láti ilé dé ilé.

Ìyá olóúnjẹ wá bi mí bóyá iyọ̀ ló pọ̀ jù. Mo ní rárá, mà. N kò lè gbé òkèlè kankan mì.

Láti igun òsì

N kò dúró di aago tí wọ́n mọ̀ mọ́ mi. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo dé Ìpele lọ́jọ́ kejì, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Obìnrin mẹ́fà ló wà nínú yàrá. Bọ́sẹ̀dé dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá kan tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti fi èékánná mú pílásítà náà.

"Rárá, má fà á bẹ́ẹ̀," ẹnìkejì rẹ̀ ń kọ́ ọ. "Láti igun òsì ni nọ́ọ̀sì máa ń ká a, kó má bàa dùn ún."

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi. Inú wọn dùn.

"Ẹ káàbọ̀ o, nọ́ọ̀sì! A ti bá yín ṣí i."

Ọ̀rọ̀ burúkú dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ta ló kọ́ wọn? Mo rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa jáde díẹ̀. Mo tún ojú ọgbẹ́ náà ṣe, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì bi Bọ́sẹ̀dé ìdí tó fi gbà fún wọn.

"Kí ẹ tó máa wá, ọ̀kan tàbí méjì ni mo máa ń ṣí i fún. Bí àwọn tó kù bá ní kí n jẹ́ káwọn rí i, mo máa ń sọ pé ó rẹ̀ mí. Wọ́n á lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún rí nínú wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tọ́mọ gbà jáde. Bí mo bá fi pamọ́, àwọn kan á máa sọ pé bóyá èmi kọ́ ni mo bí i. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbàdúrà fún mi. Lẹ́yìn tí ẹ ti ṣí i lójú gbogbo wọn, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé rárá?"

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wọlé, nọ́ọ̀sì."

Mo sunkún, n kò fi pamọ́ fún yín. Ọjọ́ mẹ́tàlá péré ló kù kí dókítà wò ó. Mo jáde lọ bá Ìyá Àgbà nílé ìdáná, mo kúnlẹ̀ bí ọ̀dọ́mọbìnrin ọjọ́sí ṣe kúnlẹ̀ fún mi.

"Ìyá Àgbà, ẹ dárí jì mí. Ewé tí mò ń wá, èmi ni."

Mo ṣàlàyé ohun gbogbo. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n jókòó sórí àpótí.

"Ká lé wọn ńkọ́?" mo bi í.

"Lé ta ni? Àwọn tó ń gbàdúrà fún ọmọ mi? Wọn ò ní dá sí wa mọ́ láyé." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé gbogbo èèyàn ló ń rí Ọlọ́wọ̀ ni? Ìránṣẹ́ kan á bá wọn wọlé, á ní wọ́n kí yín o. Á jáde, á ní Kábíyèsí kí yín. Kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ, inú ẹ̀ á dùn."

"Tiwọn yàtọ̀, Ìyá Àgbà. Ojú ni wọ́n fẹ́ fi rí i."

Ó nawọ́ sí báàgì mi.

"Gíláàsì tí o máa ń kọ ọ́ sí yẹn, kí ló wà fún?"

Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà

Ọjọ́ náà la fi òwú so àwọn fíìmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́ ojú fèrèsé pálọ̀, ní títẹ̀léra. Ìyá Àgbà gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó jókòó sí i. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, èmi àti Bọ́sẹ̀dé nìkan á wọlé, ilẹ̀kùn á tì. Mo kọ́ ilé tó kù ní ìgboro Ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí ẹ rí ìyá yìí lẹ́nu iṣẹ́! Àwọn tó wá kíni á dé, Ìyá Àgbà á kó wọn lọ síwájú fèrèsé.

"Ẹ wo èyí. Ọjọ́ tó délé nìyẹn. Ẹ wò ó bó ṣe ń kéré. Èyí ńkọ́? Ó fẹ̀! Ta ló fẹ̀ ẹ́? Ìka yín ni. Tìrẹ náà wà níbẹ̀, Ìyá Epo, má wo ojú mi."

Mo rò pé wọ́n á bínú. Ojú tì wọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fa fíìmù lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń gbé e síhà oòrùn. Ìyá arúgbó kan fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọ̀kan, ó gbàdúrà gígùn sí i lórí. Ìyá tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá ń bi mí lójú ọ̀nà pé ìgbà wo ni èyí tó kàn ń jáde.

Fíìmù keje kò fẹ̀, kò sì kéré. Ìkẹjọ kéré díẹ̀. Mo gbé e lé ìkeje lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dá mi lójú, Ìyá Àgbà sì ti já a gbà lọ́wọ́ mi kí bírò tó gbẹ. Iyán tún padà síwájú mi lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀

Lọ́jọ́ tí dókítà dá, àwa mẹ́rin la jọ lọ: Bọ́sẹ̀dé, Ìyá Àgbà, ọmọ tó wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, àti èmi. Tábìlì ti wà ní títẹ́. Dókítà ní kí wọ́n tan iná sí i. Ó wò ó, ó rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká. Bọ́sẹ̀dé di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Ó ti pa ẹnu dé," dókítà wí. "Ta ló tọ́jú èyí?"

Bọ́sẹ̀dé nawọ́ sí Ìyá Àgbà. Kò wò mí rárá, n kò sì dá a lẹ́bi.

"Ẹ máa lọ sílé. Ẹlòmíràn ló ni tábìlì yìí lónìí."

"Ṣé mo lè pọn ọmọ mi, sà?"

"Fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ fò sókè, tòun tọmọ lẹ́yìn.

Ohun tí mo kọ fún Mátírọ́ọ̀nù kò gùn. Mo kọ ọ́ pé ṣíṣí tí gbogbo èèyàn ń ṣí ọgbẹ́ wò ló ń bà á jẹ́, àti pé ní Ìpele, nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ìwádìí ló kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa ṣí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, awò ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí imú.

"Bẹ́ẹ̀ lo ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, kí orúkọ rẹ hàn dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín. "Fíìmù ńkọ́?"

"Ó wà lójú fèrèsé ní Ìpele, mà. Wọn ò fún mi."

Ẹ̀yìn

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo lọ dágbére. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bọ́sẹ̀dé jáde láti inú yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Ìyá Àgbà gbé ọmọ lé e lẹ́yìn. Ó fà á sókè, ó fi ìró bò ó, ó di ọ̀já. Ọmọ náà kọ́kọ́ ké, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó dákẹ́. Bọ́sẹ̀dé rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn, ó tún rìn padà. Kò sí ohun tó lọ mú níbẹ̀. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn títí n kò fi mọ ibi tí n ó fi ojú sí.

Ó wá dúró níwájú mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ní kí n kàn wo ojú ọgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè fi parí ìwé mi. Ọwọ́ mi ti nà sí etí bùbá rẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú, wẹ́rẹ́, ẹ̀rín sì yọ lójú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ẹ lọ wo fíìmù."

Mo yíjú sí ojú fèrèsé. Ìyá Àgbà ti dìde, ó ti gbé èyí tó kẹ́yìn síhà oòrùn, ó ń dúró dè mí.